Ebè ìgbà òjò, kòtò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi ní Àkúrẹ́ láti àkọ́rọ̀ dé ọyẹ́

Bàbá onílé wa ló bi mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé, “Ìyá Tóbi, ta lo sin síbí?” Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ebè mẹ́rin sí ẹ̀yìn ilé ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì ga ju kókósẹ̀ lọ dáadáa. Ká sọ tòótọ́, sàréè ni wọ́n jọ. Mo dá a lóhùn pé, “Owó ọbẹ̀ ni mo sin, Bàbá. Mo fẹ́ wò ó bóyá á hù.” Ó rẹ́rìn-ín wọlé lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ẹ̀yìnkùlé wa ní itẹ́ òkú.

Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá nìyẹn. Oṣù Kẹta mìíràn la tún wà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti tú àwọn ebè yẹn kọ láàárín ọdún kan. Ohun tó fà á ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Oṣù Kẹta: ilẹ̀

Ata ló tì mí sídìí ẹ̀. Tòmátì àti tàtàṣé tí à ń rà ní Ọjà Ṣáṣá, òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù wá, tó bá sì ti di àárín Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Keje, owó wọn á fò sókè, a ò ní rí i mú. Ẹ ò ní gbàgbé 2016, nígbà tí kòkòrò tí wọ́n sọ ní “Ebola tòmátì” wọ oko wọn ní Kaduna, tí èèyàn ń ka tòmátì sínú ọbẹ̀ bí ẹni ń ka ẹran. Èmi náà wá ní ilẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ilé, kí ni mò ń wò?

Ẹ̀gbẹ́ Ìjọ̀kà la wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, òkúta wẹ́wẹ́ kún inú ẹ̀, àwọn tó kọ́ ilé náà sì ti ri gbogbo pàǹtírí wọn mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù nìkan. Mo kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí màá fi rí ẹni kó wọn dànù.

Kí n tó kọ ebè kankan, mo gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ mi, mo da garawa omi kan sí i ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo jí lọ wò ó láàárọ̀, omi náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Ilẹ̀ tí kò lè mu garawa omi kan láti alẹ́ dé àárọ̀, bí òjò Oṣù Kẹfà bá dé, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ á jẹrà mọ́ inú ẹ̀ ni. Bí mo ṣe pinnu láti gbé ebè sókè nìyẹn.

Ìdajì ohun tó wà nínú ebè jẹ́ ilẹ̀ pupa yẹn fúnra ẹ̀, tí mo fọ́ kúnná. Ìdajì yòókù ni ilẹ̀dú tí mo wà ní ààtàn àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé aládùúgbò wa, àti àpò ìgbẹ́ adìyẹ mẹ́fà. Láti Oṣù Kejì ni mo ti ra ìgbẹ́ adìyẹ náà, mo sì bò ó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún títí òórùn ẹ̀ fi rọlẹ̀, torí tútù ẹ̀ máa ń jó ọ̀gbìn. Ilẹ̀ ààtàn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nẹ́ẹ̀tì tí àwọn bíríkìlà fi ń kù yanrìn ni mo fi kù ú, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó kù sókè. Ibì kan wà tí mo ti bá òkú bátìrì mẹ́rin pàdé lójú kan. Mo da ilẹ̀ apá ibẹ̀ padà pátápátá. Ẹ̀fọ́ tó bá mu omi bátìrì, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?

Mo la ọparun, mo fi èèkàn gbé e dúró yí ebè ká kí ilẹ̀ má baà ya. Ìdí tí ìbú ebè fi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ni pé, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ mi dé àárín; mo yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ mi tún dé àárín. N kò gbọdọ̀ tẹ inú ebè láé.

Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹta

Àkọ́rọ̀ rọ̀. Gbogbo àdúgbò ń gbóòórùn ilẹ̀. Mo sáré gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá lọ́jọ́ kan náà.

Ọjọ́ 31, Oṣù Kẹta

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé, òjò ò padà wá. Àwọn tẹ̀tẹ̀ tó ti yọjú bí òwú pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ti gbẹ dànù. Mo pe ìyá ọkọ mi ní Ìdànrè lórí fóònù, mo ro ẹjọ́ fún wọn. Wọ́n ní, “Ìyàwó, àkọ́rọ̀ kì í ṣòjò. Ó wá kí yín ni, ó ti lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó bá dé, tí ó rọ̀ sùn, ìgbà yẹn ni kó o gbìn.”

Oṣù Kẹrin: ìgbìn kejì

Mo dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Láàárín ìgbà tí mò ń dúró, mo wádìí ìdí tí ewédú mi ò fi hù rárá, àní kó tó di pé ọ̀dá mú un. Kóró ewédú ní èèpo líle tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Téèyàn bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ á hù, ìyókù á máa sùn. Báyìí ni mo ṣe jí i: mo di kóró náà sínú ẹ̀já ańkárá, mo fi òwú so ó pinpin, mo gbé omi kaná. Nígbà tí omi ń hó kutukutu, mo sọ dídì náà kalẹ̀ sínú ẹ̀, mo ka oókan dé ẹẹ́wàá, mo fà á yọ, mo jù ú sínú abọ́ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa sè é ni. Lẹ́yìn náà mo tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn títí tí kò fi lẹ̀ mọ́ra mọ́. Kóró náà kéré, ó dúdú bí ẹ̀tù, tí wọ́n bá dà á lé ọwọ́ yín á fẹ́ yọ́ láàárín ìka bọ́ sílẹ̀. Mo pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, ìwọ̀n ìkúnwọ́ yanrìn márùn-ún sí ìkúnwọ́ kóró kan, kí ó lè fọ́nká dọ́gba. Tẹ̀tẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yanrìn tiẹ̀, àmọ́ òun ò nílò omi gbígbóná.

Ọjọ́ kẹrin, ewédú bo ebè kejì bí irun orí ọmọ tuntun.

Oṣù Karùn-ún

A jẹ ẹ̀fọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni tẹ̀tẹ̀ lò. N kò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa oṣù tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, àfi pé bàbá onílé ò pè é ní itẹ́ òkú mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí a ń fún wọn lẹ́fọ̀ọ́.

Oṣù Kẹfà: omi dé

Ọ̀wààrà òjò kan rọ̀ lóru, kò dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo jáde, àgbàrá láti àgbàlá kejì ti gba abẹ́ ògiri wọlé, ó la ebè kẹta sí méjì bí ẹni fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Ebè kẹrin, èyí tó wà lábẹ́ etí òrùlé, kò ní ẹ̀fọ́ kankan lórí mọ́. Omi páànù ti lu gbogbo ẹ̀ pa, ihò kéékèèké tò gbọọrọ lórí ẹ̀ bí ojú ìránṣọ.

Ti àgbàrá ò le. Mo la póró tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo darí ẹ̀ sí kòtò ojú títì. Ìṣòro gan-an wà lókè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: òjò mìlímítà kan lórí ibi tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Apá òrùlé tó kọjú sẹ́yìn gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 4, ìyẹn irú ibi bẹ́ẹ̀ 24. Òjò tó bá rọ̀ ní mìlímítà 20, tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà ní Àkúrẹ́ lóṣù yìí, lítà 480 ló ń dà láti apá òrùlé yẹn, orí ebè kan ṣoṣo sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń dà sí.

Mo lọ bá bàbá onílé fún àyè láti so ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ mọ́ etí òrùlé, tí á máa darí omi sínú tánkì. Wọ́n ní kò burú, tí n kò bá ti dá ihò sí páànù wọn lára, tí àwọn náà á sì máa pọn nínú omi ẹ̀.

Páìpù rọ́bà onínṣì 4 méjì ni mo rà, tí kápẹ́ńtà bá mi fi ayùn là lóròó. Mo so ó fúnra mi. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ojú ni mo fi wọn ìpele, ojú sì tàn mí: ìyẹ̀wù àárín ilé wa ti rọ̀ díẹ̀, etí òrùlé fúnra ẹ̀ ò tọ́. Omi ń ṣàn padà sí apá ibi tí kò sí tánkì. Àṣìṣe kejì, ìṣó mẹ́rin ni mo fi gbé gbogbo ẹ̀ dúró. Òjò kejì tó rọ̀ kún inú páìpù, ìwúwo omi fà á já, ó ṣubú lu ilá mọ́lẹ̀.

Bíríkìlà kan tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò ló kọ́ mi ní ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara tí wọ́n máa ń bu omi sí. Ẹ di ẹnu kan mú níhìn-ín, ẹlòmíràn di ìkejì mú lọ́hùn-ún. Ibi tí omi bá dúró sí ní ẹnu méjèèjì, ìpele kan náà ni. Ibẹ̀ la ti wọn ìsàlẹ̀ ẹ̀, páìpù wa fi ínṣì kan rọlẹ̀ sápá tánkì ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Wẹ́dà rọ ìkọ́ irin mẹ́wàá fún mi, a sì fi ìkọ́ kan sí ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì. Tánkì lítà 500 jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lẹ́nu nítorí ẹ̀fọn. Láti ọjọ́ náà kò já mọ́. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, mo máa ń yí ẹnu páìpù kúrò nínú tánkì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀ wálẹ̀.

Oṣù Keje

Tẹ̀tẹ̀ ń jẹrà lórí ìdúró. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀mùnú, ewé á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí èyí tí wọ́n bọ̀, á dúdú. Nígbà tí mo gbé ewé kan súnmọ́ ojú, mo rí irun funfun wínníwínní lórí ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó dúdú lórí bí abẹ́rẹ́ olórí. Ebu ni. Ọ̀rinrin àti ìfúnpọ̀ ló ń bí i, èmi ni mo sì fún wọn pọ̀, torí ojúkòkòrò ò jẹ́ kí n lè fà lára wọn. Mo tu ìdajì kúrò, mo kó àwọn tó ní ebu jìnnà, mo jẹ́ kí atẹ́gùn máa gba àárín wọn kọjá. Ó dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ń gbin tẹ̀tẹ̀ lóṣù yìí, kó má gbìn ín bí ẹni da ẹ̀wà sílẹ̀.

Oṣù Kẹjọ àti Ọ̀wẹ́wẹ̀

Ọ̀gbẹlẹ̀ Oṣù Kẹjọ dé bó ṣe máa ń dé, òjò sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tánkì gbé wa là. Mo gbin kóró ata rodo àti tòmátì sínú àwo rọ́bà àtijọ́ lábẹ́ ibòji, mo sì lọ́ wọn sí ebè kìíní àti ìkejì ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ kí wọ́n lè jẹ òjò àrọ̀kúrò, kí wọ́n sì so nígbà tí ọ̀rinrin bá ti dín kù. Tòmátì tí mo kọ́kọ́ dán wò ní Oṣù Karùn-ún, n kò dárúkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí ìtìjú: òjò fi ààmì dúdú bo gbogbo ewé ẹ̀, mo ká èso méjì.

Ọ̀wàrà

Ewédú ebè kẹta ń ràn, kò ga. Mo fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò ẹ̀ wú kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí òwú. Kòkòrò ilẹ̀ ni, èyí tí ojú ò lè rí. Mo hú gbogbo wọn, mo sun gbòǹgbò wọn, mo pinnu pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, màá tú ilẹ̀ ebè náà síta fún oòrùn.

Bélú: ohun tí mo rò pé mo mọ̀

Òjò kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ọgbà ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ ata ń rọ lọ́sàn-án. Mo wá dúró wò ó dáadáa lọ́jọ́ kan. Mo bu omi lé orí ebè, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì wọ inú póró lọ. Mo fi ìka gún àárín ebè: ìka mi rí eruku láti ìlàjì ínṣì wálẹ̀. Gbogbo gíga tí mo fún ebè kí omi lè sá kúrò lórí ẹ̀ ní Oṣù Kẹfà, omi ṣì ń sá.

Mo tún ṣírò. Ebè kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ibi mítà kan sí mítà kan lọ́nà mẹ́rin ààbọ̀. Oòrùn àti atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀rùn lè fa bíi mìlímítà 5 omi kúrò lára ẹ̀ lójúmọ́. Lítà 22 nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì ńlá kan. Ebè mẹ́rin á mu lítà 88. Tánkì mi tí mo fi ń yangàn, tó bá kún dé ẹnu, kò lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, oṣù mẹ́rin sì ni ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀ wá lò. Kànga náà ò ṣeé gbójú lé. Orí àpáta ni Àkúrẹ́ jókòó. Kànga ọwọ́ kì í jìn, ó sì máa ń fà lọ sí ìsàlẹ̀ láti Ọ̀pẹ lọ. Bàbá onílé ti kìlọ̀ fún mi pé omi ìmu ló ṣáájú omi ẹ̀fọ́, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ìyá ọkọ mi ló wá parí ọ̀rọ̀. Wọ́n wá kí wa láti Ìdànrè, wọ́n gbé eérú èèpo kòkó ìlàjì àpò dání, wọ́n rìn lọ sẹ́yìn ilé pẹ̀lú ṣúù mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n wo ebè, wọ́n wo mi.

“Ta ló kọ́ ẹ ní ebè gíga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?”

Mo ní, “Mà, ìgbà òjò ni mo kọ ọ́.”

“Ìgbà òjò ti lọ. Ṣé o ò rí àwọn tó ń ṣe àkùrọ̀ ni? Inú kòtò ni ẹ̀fọ́ wọn ń wà nígbà yìí.”

Mo ti rí wọn, àìmọye ìgbà, létí odò Àlà tí mo bá ń kọjá. N kò bi ara mi rí pé kí ló dé tí ojú bẹ́ẹ̀dì wọn fi rẹlẹ̀ ju ọ̀nà tí wọ́n ń rìn lọ.

Ọ̀pẹ: ìtúkọ àkọ́kọ́

Mo fi ebè kẹta àti ìkẹrin sílẹ̀, mo tú wọn síta fún oòrùn. Ebè kìíní àti ìkejì ni mo yí padà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré, torí ata wà lórí wọn. Láàárín àwọn ìlà ata ni mo ti ń wa ilẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, mo ń kó o sí etí títí etí fi di òkìtì, tí àárín sì fi rẹlẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Gbòǹgbò ata mẹ́ta ni mo gé, wọ́n kú. Omi tí mo bá bù báyìí, ó ń dúró ni, á máa wọlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo fi koríko gbígbẹ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ojú ilẹ̀. Eérú kòkó, ìkúnwọ́ kan ní ìdí ata kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń fi eérú yìí ṣe nílé, ó lágbára, ẹ má dà á lé igi lára.

Bàbá onílé yọjú. Wọ́n wo kòtò méjèèjì àti ilẹ̀ tó ṣù sí etí wọn, wọ́n mi orí. “Ìyá Tóbi, wọ́n ti jíǹde.”

Àṣìṣe tún ṣẹlẹ̀ lápá kan ebè kejì, níbi tí mo fẹ́ gbin ṣọkọ sí. Koríko tán, mo lọ gba èérún pákó ní ibi ìlagi, mo sì pò ó mọ́ ilẹ̀ dípò kí n tẹ́ ẹ sórí. Ṣọkọ tó hù níbẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Èérún pákó tútù tó bá wọ inú ilẹ̀ máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀gbìn títí òun fúnra ẹ̀ á fi jẹrà. Mo rẹ ìgbẹ́ adìyẹ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan, mo là á, mo ń bu ú sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó gba oṣù kan kí àwọ̀ ewé tó padà.

Ṣẹ́rẹ́: ọyẹ́

Ètè bẹ́, etí ewé náà jó. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, tí a fi fọ ẹ̀fọ́, tí a fi ṣan ẹran, gbogbo ẹ̀ ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó ní ọṣẹ nìkan ni a ń dà nù. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bo apá ìwọ̀ oòrùn. Àwọn tata dé, aláwọ̀ ewé àti òfeefèé, wọ́n bo ewúro. Tóbi ló rí ọgbọ́n wọn: láàárọ̀ kùtù, òtútù ọyẹ́ máa ń mú wọn débi pé wọn kì í lè fò. Ó ń ṣa wọn bí ẹni ṣa ẹ̀pà sínú ike tó ní omi ọṣẹ, kó tó lọ síléèwé. Tó bá fi di aago mẹ́wàá, ara wọn ti yá, ẹ ò lè mú ọ̀kan.

Ata rodo so. Láti àárín Ọ̀pẹ títí di Èrèlé, a ò ra ata. Tòmátì so díẹ̀, ó dùn, kò tó nǹkan.

Oṣù Kẹta tá a wà yìí: ìtúkọ kejì

Nígbà tí mo wá fẹ́ gbé ebè sókè padà, mo di ọparun etí ebè kìíní mú, ó fọ́ sí mi lọ́wọ́. Ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán, èèpo nìkan ló kù. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí mo ṣà ní ọdún tó kọjá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, n kò rí ẹni kó wọn dànù. Àwọn ni mò ń tò sí etí ebè báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìdúró, láìfi sìmẹ́ńtì sí i, torí màá tún tú wọn ní Bélú.

Ebè kẹrin ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá onílé ní àwọn fẹ́ gbin ewúro àti ẹfinrin síbẹ̀, àti pé kò gbọdọ̀ ga, ojú àwọn ti rí sàréè tó.

Àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. N kò gbin nǹkan kan. Mo ti fi búlọ́ọ̀kù yí ebè kìíní àti ìkejì ká, ó ku ìdajì ìkẹta. Mo fẹ́ parí ẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú lápá Ìdànrè, aṣọ sì wà lórí okùn, ni mo bá ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ lọ ká a.